Òkúta Bàbá àti Ọ̀rọ̀ Látìn Tó Wà Lórí Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí wọ́n bá ní kí èèyàn bá ẹbí sọ̀rọ̀, gbogbo ẹbí ló máa jókòó. Ojú á rí ojú. Lónìí, èmi nìkan ni mo jókòó sí pálọ̀ mi ní Òṣogbo níbí. Ṣadé, ọmọ ọmọ mi, na fóònù sí mi lẹ́nu, ó ní, "Màmá, ẹ máa sọ̀rọ̀, ó ti ń gbà á." Ó dáa. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè wọkọ̀ wá bá yín ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, torí náà ẹ gbọ́ mi láti ibí.

Ọ̀rọ̀ òkúta ni. Òkúta tó wà lórí sàréè bàbá wa, níwájú ilé.

Gbénga, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o ní bíríkìlà ń bọ̀ ní Mọ́ńdè láti tẹ́ táìlì síwájú ilé. O ní òkúta yẹn máa kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí wọ́n fọ́ ọ... nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ sí i. Tuli. Lẹ́tà mẹ́rin péré. O ní pásítọ̀ ni ọ́, àwọn tó ń wá kí ọ ń bèèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, o ò sì ní èsì fún wọn. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ ti sọ pé àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. O wá ní kí Màmá Òṣogbo sọ ohun tó bá mọ̀ kó tó di Mọ́ńdè, nítorí èmi nìkan ló kù nínú ilé wa tó kọ́ Látìn.

Mo kọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ yẹn ò yé èmi náà tán. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti darúgbó báyìí. Kò tíì yé mi.

Ṣadé ti fi fóònù rẹ̀ wá a. Fóònù ní orúkọ ọmọbìnrin ni ní ilẹ̀ Íńdíà. Ìyá rẹ̀ náà fi tirẹ̀ wá a, ìyẹn tún gbé nǹkan mìíràn jáde. Ṣé ẹ rí i? Láyé ìgbà tiwa, ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣoṣo ló wà nínú kíláàsì, orí tábìlì tíṣà ló sì ń gbé. Ohun tó bá sọ fún mi náà ló máa sọ fún ẹ. Nísinsìnyí, kálukú ló ní tirẹ̀ lápò, kálukú ló ń gba ìdáhùn tirẹ̀. Ìwé tiwa yẹn pàápàá, tẹ́ ẹ bá ṣí i síbi tí T wà, á ní kẹ́ ẹ padà sí F. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Akin, ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Gbénga, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà sórí òkúta. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé tíṣà Látìn ni. Ẹ bi í léèrè nígbà tó wà láyé. Ó sọ fún ìyá wa pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn ru nǹkan. Ó sọ fún àlùfáà wa pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn fara da nǹkan. Ó wá sọ fún Gbénga, nígbà tí Gbénga wà ní kékeré, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn gbé nǹkan wá. Gbénga wá ń sọ nínú ẹbí pé Dádì ń fi nǹkan pamọ́ ni, pé ẹni tí kò bá fi nǹkan pamọ́ kì í dáhùn ìbéèrè kan lọ́nà mẹ́ta.

Gbénga, ọmọ mi, o rò ó dáadáa. Ó fi nǹkan pamọ́. Àmọ́ kì í ṣe ohun tó o rò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ, òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ fara balẹ̀. Tí ọmọ bá wà lẹ́yìn rẹ, kí lo ṣe é? O pọ̀n ọ́n. Tí igi bá wà lórí rẹ ńkọ́? O rù ú. Àga ńkọ́? O gbé e. Ìyà ńkọ́? O fara dà á. Tí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ńkọ́? O jẹ́ ẹ. Ẹ wò ó, àwa ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Róòmù, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Fero. Wọ́n á fi pọn ọmọ, wọ́n á fi ru igi, wọ́n á fi jẹ ìyà, wọ́n á fi jíṣẹ́.

Ó rú wa lójú nínú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó bi tíṣà pé, "Sà, tí ìyá wọn bá ń gbé ọmọ lọ sọ́jà, ṣé orí ló ń gbé e lé ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Akin ni tíṣà yẹn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Iléṣà ni, lórí òkè. Mo wà ní kíláàsì kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, wọ́n fún un ní iṣẹ́ tíṣà níbẹ̀. Ó ti pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Tó o bá ti wọ géètì ilé-ìwé, Sà ni wàá máa pè mí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àbúrò mi ni ọ́." Ó ní kí wọ́n má bàa sọ pé òun ń ṣe ojúsàájú. Ìdí kan nìyẹn.

Ìdí kejì ni Bàbá. Bàbá wa, alábàárù ni ní gáréèjì Iléṣà. Àwọn tíṣà yòókù, ọmọ katikíìsì ni wọ́n, ọmọ àwọn tó ń ra kòkó. Bàbá wa ń ru ẹrù fún àwọn bàbá wọn. Ojú ń ti Bọ̀dá. Èmi náà... ojú ń ti èmi náà. Ẹ rí i, n ò sọ ọ́ rí. Ṣadé, ṣé ó ṣì ń gbà á? Ó dáa.

Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ná. Fero ni pé mò ń rù ú. Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ sọ pé o ti rù ú tẹ́lẹ̀, fero ò sí níbẹ̀ mọ́. Tuli lo máa sọ. Ibo ni fero wà nínú tuli? Kò sí. A bi tíṣà. Ó ya ilé kan sórí pátákó, ó ní láyé ọjọ́un, kí Róòmù tó di ìlú rárá, ọ̀rọ̀ méjì ló ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan wà fún rírù. Òun àti bear tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé èèyàn ru nǹkan, orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Ìkejì wà fún gbígbé nǹkan sókè láti ilẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n da méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ó ní bí ilé tí ẹnì kan kọ́ iwájú rẹ̀, tí ẹlòmíràn kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, tí gbogbo èèyàn wá ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Ó tún ní tuli ní ọmọ ìyá kan tí wọ́n ń pè ní latum. Ó ní, "Wọn ò jọra rárá, àmọ́ inú kan náà ló bí wọn." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó wò mí. Ó yára gbójú kúrò.

Fero, ferre, tuli, latum. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́ bí orin. Ogójì ọmọ.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò ru nǹkan mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé e dé ẹnu ọ̀nà fún yín. Torí náà mo ní láti sọ èyí fún yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹrù tó bá wúwo gan-an, èèyàn kì í dá a gbé rù. Èèyàn méjì ló máa gbé e rù ọ́. Èèyàn kì í sì dá a sọ̀. Ọrùn lè ṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ru ẹrù dé ibi tó ń lọ, á kàn dúró ni. Kò ní pariwo. Ìwọ tó o bá rí i lo máa sáré jáde lọ bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà ni o, wàá kọ́kọ́ bá a sọ̀ ọ́ ná, kẹ́ ẹ tó máa bá ìjà yín lọ. A kì í rí ẹni tó dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, ká wá máa wò ó. Kò sí ẹni tó ní ká kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n.

Òjò ti ba ọ̀nà òkè yẹn jẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Lọ́rì tó gbé ẹrù ilé-ìwé wá kò lè gùn ún. Ẹrù náà, àpótí pákó ńlá kan ni, wọ́n fi irin dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé e fún alábàárù ní gáréèjì pé kó rù ú gòkè.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí. Òṣùká ni mo kọ́kọ́ rí. Ìyá wa ló fi ògbólógbòó aṣọ aró kan ká òṣùká yẹn, mo sì mọ òṣùká náà kí n tó mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá rìn dé iwájú kíláàsì wa, ó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó dúró.

Ó rí mi. Ó rí Bọ̀dá níwájú pátákó. Ẹni tó bá ru ẹrù kò lè yí ọrùn, ojú rẹ̀ nìkan ló yí, ó gbé e sí ara ògiri bí ẹni tí kò mọ̀ wá.

Bọ̀dá náà rí i. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí pé yóò jáde. Mo ń retí pé... ẹ gbọ́, n ò mọ ohun tí mò ń retí, torí èmi náà ní ẹsẹ̀. Bọ̀dá kọjú sí pátákó. Ó ní, "Ẹ tún un pè."

A tún un pè. Fero, ferre, tuli, latum. Ó ní ká tún un pè. Ẹ̀ẹ̀melòó ni? N ò mọ̀. Mo ń pè é pẹ̀lú wọn. Ohùn mi ò tiẹ̀ rẹlẹ̀.

Kúùkù ilé-ìwé ló dá wa dúró. Bàbá Sùlé là ń pè é, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo níbí. Ó jáde láti ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó rí Bàbá. Ó ní, "Subuhanallahi. Gbogbo ọmọ tó wà nínú kíláàsì yìí, kò sí ẹni tó rí bàbá yìí?" Ó sáré wá, ó bá a sọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ìró àpótí náà nílẹ̀. Bàbá di ọrùn ara rẹ̀ mú, ó rọra yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá wá jáde. Bàbá ká òṣùká rẹ̀ kúrò lórí, ó tẹ orí ba díẹ̀ fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹrù yín rè é."

Ẹ káàárọ̀. Sà. Ẹrù yín.

Kò wo ibi tí mo wà. Ó lọ.

Wọ́n ṣí àpótí náà. Ìwé ni. Ìwé Látìn tuntun, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó ń ta sánsán. Ìwé tí mo fi kọ́ Látìn títí mo fi ṣe ìdánwò, orí Bàbá ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti Bàbá wà ní yàrá tá a háyà ní Iléṣà. Bọ̀dá ń gbé ní ilé àwọn tíṣà. Bàbá ń jẹ iṣu sísun. Èmi ò lè jẹ. Ó bi mí, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, pé, "Kí lẹ̀ ń pè bí orin láàárọ̀?" Mo ní ọ̀rọ̀ Látìn ni. Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ń ru ẹrù ló ń sọ ọ́. Ó ní, "Èmi nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n pè é kí òun gbọ́. Mo pè é, ó gbà á lẹ́nu mi: fero, ferre...

Ó wá ní, "Tí mo bá wá ti sọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Tuli ni, Bàbá."

"Tuli." Ó gbé iṣu dúró lọ́wọ́. "Èyí wù mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tuli ni kẹ́ ẹ bá mi mú."

Nígbà tó jẹun tán, ó ní, "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé n ò bínú o. Ẹni tó wọ aṣọ funfun báyẹn, ṣé àpótí ẹlẹ́rẹ̀ ló yẹ kó gbá mọ́ra ni? Sọ fún un bẹ́ẹ̀."

N ò sọ fún un.

Ẹ bi mí pé kí ló dé. Tí mo bá sọ ọ́, ó túmọ̀ sí pé mo rí i. Tí mo bá ní mo rí i, á ní ìwọ ńkọ́, kí ló dé tí ìwọ ò jáde? Torí náà mo dákẹ́. Ọjọ́ kan di oṣù kan, oṣù di ọdún. Bọ̀dá kò dárúkọ ọjọ́ náà, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀.

Bàbá kú lẹ́yìn ọdún púpọ̀. A sin ín síwájú ilé, bí a ṣe ń ṣe. Bọ̀dá lọ bá agbẹ́kùúta fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkúta dé, mo ń retí orúkọ, mo ń retí ẹsẹ Bíbélì. Tuli nìkan ni mo rí. Nígbà tí àwọn èèyàn ti túká, Bọ̀dá wá dúró tì mí. Ó ní, "Ìwọ mọ̀ ọ́n."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò lọ. Ó dúró síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń retí. Mo ní, "Oòrùn yìí mú, Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká wọlé." A wọlé.

Gbénga, o rántí pé tí bàbá rẹ bá ń wa mọ́tò, tó sì rí obìnrin tó ru igi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á páàkì? Á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, á lọ bá a sọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ á máa kùn nínú mọ́tò pé ẹ máa pẹ́ dé ìsìn. Ó sọ fún yín pé eré ìdárayá ni. Ẹ gbà á gbọ́. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe eré ìdárayá.

Ohun tó wá rú mi lójú títí di òní rè é. Ta ló ń sọ̀rọ̀ lórí òkúta yẹn? Ṣé Bàbá ni, pé òun ti ru tòun, òun ti sọ̀ ọ́? Tó bá jẹ́ Bàbá, ohun tó bèèrè lọ́wọ́ mi gan-an ni Bọ̀dá fún un, láìmọ̀. Àbí Bọ̀dá ni, pé òun ti ru òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn láti ìgbà náà? Àbí Bàbá ti sọ fún un fúnra rẹ̀ kó tó kú, tí èmi ò sì mọ̀? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Mo kọ́ ọmọ ní Látìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ìgbà tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ yẹn ni ṣọ́ọ̀kì máa ń dúró lọ́wọ́ mi.

Ohun kan ló dá mi lójú. Bàbá dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, n kò jáde. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, iṣẹ́ tí Bàbá rán mi sí i wà lẹ́nu mi, n kò jẹ́ ẹ. "N ò bínú o." Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Bọ̀dá kú láìgbọ́ ọ. Gbénga, ìwọ ni mo wá ń jẹ́ ẹ fún. Bàbá ní òun ò bínú.

Ayé ti yí padà. Nígbà yẹn, ẹrù máa ń hàn. Èèyàn máa rí i lórí ẹni. Lónìí, gbogbo èèyàn wọ aṣọ tó dáa, wọ́n mú fóònù dání, o ò lè mọ ẹni tó dúró láàárín wọn, tó ń retí kí wọ́n bá òun sọ̀ ọ́. Ẹ ṣáà máa wo ara yín dáadáa.

Ọ̀rọ̀ òkúta, n ò ní pa á láṣẹ. Ilé ẹ̀yin ọmọ ni báyìí. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa gbé e kúrò, ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n Gbénga, òkúta yẹn wúwo. Tí bíríkìlà bá dé ní Mọ́ńdè, tó gbé e sọ́wọ́ tó sì dúró, má dúró lójú fèrèsé máa wò ó.

Jáde lọ bá a.

Ṣadé, ó tó. Fi ránṣẹ́ sí wọn.